Ọwọ́ Tó Kù Léjìká Alága

Òórùn gọ́ọ̀mù àti íǹkì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Ọ̀fà ìgbà yẹn. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti di àlejò tí kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé, tí àwọn ewúrẹ́ sì ti ń sùn sórí irin rẹ̀ láìbẹ̀rù. Nínú òórùn yẹn ni mo máa ń jókòó lójoojúmọ́, tí mò ń gé orí àwọn èèyàn pàtàkì. Má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi ni mò ń sọ. Ìwọ náà á rántí álímánáàkì, ìwé gbàràgàdà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́dọọdún, tí wọ́n máa ń to fọ́tò àwọn olóyè sí róbótó róbótó, ti alága láàárín, tí ti àwọn yòókù yí i ká. Èmi ni mo máa ń da ìdérí agolo mílíìkì bo ojú èèyàn nínú fọ́tò, màá fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, màá fi sísọ́ọ̀sì gé e, màá sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun. Iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè gé etí fìlà kó má wọ́ bíi tèmi, mo sì ń fi í yangàn.

Lápá ìparí àwọn ọdún náítíìsì, ọmọ àdúgbò wa kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò pé òun fẹ́ ṣe wẹ́bùsáìtì fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọmọ wa tó bá wà níbikíbi láyé lè rí ilé rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí nítorí pé ilé ìtẹ̀wé wa ní kọ̀ǹpútà kan, èyí tí à ń fi aṣọ bò bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Èmi náà ò rí wẹ́bùsáìtì rí. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti kà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kà á, àwọn kò kà á, ìyẹn sì tó fún mi láti máa fojú tín-ín-rín wò wọ́n.

Lẹ́tà náà dùn ún kà. Ó ní bí bíríkìlà kì í ti í bẹ̀rẹ̀ ilé kí yanrìn àti sìmẹ́ńtì tó dé, òun náà ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan kí èlò tó pé. Kí a wá àpòòwé ńlá mẹ́rin. Kí a kọ ìtàn àdúgbò sí ojú ewé kan péré, kó wọ inú àkọ́kọ́. Kí fọ́tò àwọn ibi tó ṣe pàtàkì wọ inú èkejì, kí ti àwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ wọn wọ inú ẹ̀kẹta, kí orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa àti ọ̀nà tí àlejò lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa wọ inú ẹ̀kẹrin. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wà nínú fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn kan: kí a má fi ojúlówó fọ́tò ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun, kí a gbé e lọ fún onífọ́tò kó ya òmíràn lára rẹ̀, kí a sì dá ti ẹni tó ni ín padà fún un.

Alága gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe sí ìwé tó bá ti gùn ju ojú ewé kan lọ: ó ká a sí méjì, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Alhaji ni, kọngilá tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun ló ya Ọ̀fà fún Ọlọ́run. Inú gbọ̀ngàn àdúgbò la ti ń ṣe ìpàdé, kò sì sí ìpàdé kan tí kì í fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ògiri gbọ̀ngàn náà, tí á ní, “Èmi tí mo kọ́ ibí yìí ni mò ń sọ̀rọ̀.” Lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn tán, ó ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi. Álímánáàkì inú kọ̀ǹpútà ni.” Ìpàdé mí kanlẹ̀. Akọ̀wé wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó yẹ kó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bèèrè àpòòwé mẹ́rin. Ohun tó kù tí wọ́n ń jà sí ni ẹni tí orí rẹ̀ máa wà láàárín. Odindi ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi fà á. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa kò jà á lórí páálí.

Nígbà tó yá, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ilé ìtẹ̀wé. Ó yẹ kó o rí wọn! Ẹnìkan gbé tẹlifóònù sétí, wáyà rẹ̀ rọ̀ dirodiro, kò so mọ́ ibì kankan. Ẹnìkan wọ agbádá tí mo dá mọ̀ pé ti àbúrò ọ̀gá mi ni. Ẹnìkan di ìwé gẹ̀ẹ́sì ńlá mú, ó dà á dé. Alága nìkan mú méje wá: ó jókòó, ó dúró, ó wo òkè, ó fọwọ́ lẹ́rán bíi pé ó ń ronú, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí lójúkorojú. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mú fọ́tò ọjà wá, tàbí ti oko, tàbí ti ilé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó rántí àwọn ìyá tó ń hun aṣọ òfì lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni gbogbo wọn ti ń ra aṣọ. Bí ará Amẹ́ríkà bá fi ohun tí wọ́n kó jọ yẹn mọ Ọ̀fà, á rò pé ìlú tí kò ní nǹkan mìíràn ju fìlà lọ ni. Mo gé wọn, mo lẹ̀ wọ́n, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú.

Ẹnìkan ṣoṣo ló mú ohun tí lẹ́tà náà bèèrè wá. Ìyá àgbàlagbà kan ni, tó ń gbé lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Ó gbọ́ ìkéde náà ní mọ́ṣáláṣí, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá nígbà tí oòrùn ti ga, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀kadà gbọn ohun tó gbé dání. Ó tú gèlè tó fi wé e, férémù onígíláàsì ló wà níbẹ̀, ó ń rùn fírífírí bí inú àpótí aṣọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá ló tò síwájú gbọ̀ngàn àdúgbò wa, nígbà tí ògiri rẹ̀ kò tíì rí ọ̀dà, ọkọ́ àti agbada kọnkéré wà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin tó wà láàárín, fìlà rẹ̀ ti kún fún ẹfun sìmẹ́ńtì, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di ṣọ́bìrì mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tirẹ̀.

“Bàbá wọn nìyẹn,” ni Ìyá wí, ó fi ìka kan ọkọ rẹ̀ láàárín. “Àwọn ni bíríkìlà tó kọ́ gbọ̀ngàn. Wo ìka àárín wọn bó ṣe ká. Ọjọ́ tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù ẹnu ọ̀nà ni ọ̀kan já lé e.”

Mo bi í léèrè àwọn yòókù, ó sì ka orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun tí kò mọ̀wé. Ẹni yìí wá láti Òjòkú. Ẹni yẹn ló máa ń kọrin tí wọ́n bá ń po sìmẹ́ńtì. Nígbà tó dé orí ọ̀dọ́mọkùnrin tó di ṣọ́bìrì mú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyẹn ni Alága yín. Lébìrà bàbá wọn ni. Kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn fẹ́ràn rẹ̀.” Mo yọ fọ́tò náà nínú férémù, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí lẹ́tà ti wí. Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá gbá ògiri fún wa láti ọdún yìí wá, yanrìn ló ń rù!

Kí Ìyá tó lọ, ó di ọwọ́ mi mú. “Èyí nìkan ló kù, ọmọ mi. Ọ̀gbàrá tó wọlé wa ti kó àwọn yòókù lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn yẹn ni mo ṣe gbé e wá. Wà á dá a padà fún mi?”

“Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá,” ni mo dáhùn. “Tí ẹ bá ti kírun tán, ẹ yà kí ẹ gbà á.”

Onífọ́tò wà ní òdìkejì títì. Tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa, mo lè pè é kó dáhùn. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n sọdá lọ, kí n ní kó ya òmíràn lára rẹ̀. Mo ní màá lọ lọ́la. Lọ́la, mo tún ní lọ́la. Àwọn tí mò ń fi rẹ́rìn-ín ti gba gbogbo àkókò mi.

Ní ọjọ́bọ̀, Alága yọjú láti wo bí páálí náà ṣe ń lọ. Ọ̀gá mi fún un ní àga, ó nù ún kó tó jókòó, nítorí pé ọ̀dọ̀ Alága ni iṣẹ́ álímánáàkì ti ń wá lọ́dọọdún. Ọkùnrin náà ń tú tábìlì mi bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn, ó sì kan fọ́tò Ìyá. Ojú rẹ̀ rọ̀, mo sì rò fún ìṣẹ́jú kan pé inú rẹ̀ máa dùn láti rí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ìgbà tó yá ló fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá.

“Wo irun lórí mi,” ló wí. “Èyí ni mo fẹ́ láàárín. Ògiri gbọ̀ngàn gan-an ló wà lẹ́yìn mi yẹn. Gé e fún mi.”

Mo ní, “Alhaji, fọ́tò ẹni ẹlẹ́ni ni. Lẹ́tà ní ká má gé e. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sọdá kí wọ́n ya òmíràn.”

“Lẹ́tà? Ṣé ọmọ tí mo lọ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ló máa kọ́ mi bí mo ṣe máa lo orí ara mi? Gé e, jàre.”

Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi wo ilẹ̀. Mo gbé ìdérí agolo mílíìkì lé ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, mo fa ìlà, mo sì gé e. Nítorí pé bíríkìlà náà sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ìlà mi gba etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo rí i kí n tó débẹ̀, mo sì gbà á kọjá. Ṣọ́bìrì bọ́ sílẹ̀, yanrìn bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin méjìlá bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù nínú òbírí náà ni orí Alága, irun rẹ̀, àti ọwọ́ kan lórí èjìká rẹ̀ tí kò ṣeé yọ láìbá èjìká lọ. Mo ní kí n kó àjákù náà pamọ́, ṣùgbọ́n Alága ti gbà á. Ó yí i padà, ó rí àwọn orúkọ tí mo kọ, ó rí “lébìrà” níwájú tirẹ̀. Ó fà á ya sí méjì, sí mẹ́rin, sí wẹ́wẹ́, ó dà á sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó jẹun tán. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà tiwa wà lọ́jà, orí ni wọ́n ń gé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá yà bí mo ṣe ní kó yà. Férémù òfìfo wà lábẹ́ tábìlì, mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé fọ́tò ti lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo rò pé á bínú, kí n lè rí ibi sá sí nínú ìbínú rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ ni! “Bàbá wọn ti dé Amẹ́ríkà! Àwọn tí kò dé Èkó rí.” Ó gba férémù rẹ̀ pé òun á máa nù ún dè wọ́n. Nígbà tí mo lọ sí Ìjàgbó lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló sọ fún mi pé ọkọ ìyá kan wà ní Amẹ́ríkà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọmọ Amẹ́ríkà gba páálí wa, ó sì kọ lẹ́tà ṣókí kan padà: “Èlò ni mo ní kí ẹ kó wá, orí lẹ kó ránṣẹ́.” Síbẹ̀, ó gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní nǹkan mìíràn. Nígbà tó wálé fún ọdún Iléyá, ó mú ojú wẹ́bùsáìtì náà wá lórí ìwé aláwọ̀ mèremère. Ẹgbẹ́ ní kí n wá gé etí àwọn ìwé náà kí n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Gbogbo àdúgbò ló wá. Orí Alága wà láàárín gbùngbùn, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀, akọ̀wé sì ti bá a kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: Ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn wa. Alága dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè wo méjèèjì pọ̀.

Ìyá gba àárín èrò kọjá. Ó wo orí àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó ń wá. Nígbà tó dé àárín, ó fi ìka kan èjìká Alága inú ìwé, ó kígbe, “Ọwọ́ wọn nìyí! Ìka wọn tó ká nìyí!” Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó rò pé ẹni tó ni ọwọ́ wà nítòsí. “Àwọn dà? Ìyókù wọn ńkọ́?”

Alága húkọ́. “Ìyókù ò wọ inú kọ̀ǹpútà ni, Ìyá. Ẹ̀rọ ọ̀hún ló gé e.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láàárín ògiri mẹ́rin tí ọkọ Ìyá fi ọwọ́ yẹn tò, ojú kò sì tì í. Akọ̀wé ń mi orí bíi pé ó mọ ẹ̀rọ náà dáadáa. Ìyá kò wò wọ́n mọ́. Èmi ló ń wò, bẹ́ẹ̀ sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi.

“Èmi ni mo gé wọn, Ìyá,” ni mo wí. “Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìyókù fọ́tò náà kò lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n fà á ya níṣojú mi.”

Mo ń retí èpè. “Ó dáa,” ló wí. “Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n gé, bá mi gé ọwọ́ wọn.”

Alága pariwo pé ohun ìní ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ bà jẹ́. Mo gé e lójú rẹ̀. Mi ò gé nǹkan kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ìka kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ká. Ihò kan ṣí sílẹ̀ ní èjìká Alága, ògiri sì yọ níbẹ̀. Ìyá so ọwọ́ náà mọ́ igun gèlè rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà Ìjàgbó lọ. Ìparí iṣẹ́ mi ní ilé ìtẹ̀wé nìyẹn, ọ̀gá mi kò tilẹ̀ dúró kí ọjọ́ kejì mọ́ tán.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi pẹ̀gàn Alága, n kò sì tíì fi í sílẹ̀ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú. Kọngilá yẹ̀yẹ́, akọ̀wé apàtẹ́wọ́, àwọn onífìlà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn náà kì í dúró lórí wọn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń yí padà wá bá mi. Alága fi lẹ́tà fẹ́ ara rẹ̀, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi kà á, ó yé mi yékéyéké, mo tún fi í ṣe ìgbéraga. Títì kan ṣoṣo ni mi ò lè sọdá. Iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ni mò ń ṣe jẹun báyìí, àwọn oníbàárà mi sì máa ń rojọ́ pé mo máa ń pẹ́ jù nídìí kíkó èlò jọ, pé mò ń bèèrè orúkọ àwọn èèyàn tí kò kan ẹnikẹ́ni. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rojọ́ wọn tán.

Lẹ́yìn tí Ìyá ti rọ̀run, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan wá mi kàn. Ó gbé férémù àtijọ́ yẹn dání, ó mọ́ lóló. Láàárín gíláàsì ńlá náà, ọwọ́ kékeré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo bi Màmá títí pé ọwọ́ ta nìyí,” ló wí. “Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ mọ̀, kí n lọ bi ẹni tó gé e.”

Mo ní kó jókòó. Mo ṣí ẹ̀yìn férémù náà, mo yọ ọwọ́ náà jáde, mo dà á dé sórí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá bírò tí ẹnu rẹ̀ kéré jù lọ, mo sì kọ orúkọ bàbá wọn sí i.